Magnesium fún ìpahínkeke lẹ́yìn MDMA: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí wọ́n kàn ń gba owó wa?

Sisí_Ìtókò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Orúkọ tuntun ni mo fi wọlé, torí àwọn ẹbí mi pọ̀ níbí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ màmá mi láago l'Abẹ́òkúta lálẹ́ yìí.

Manchester ni mo wà, ọdún kẹfà rèé. Ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ bẹ́ẹ̀dì là ń lọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń lọ jó títí ilẹ̀ á fi mọ́, a sì máa ń lo MDMA, oògùn olóró orí ijó tí àwọn ará ibí ń pè ní mandy. Mi ò wá gba ìwàásù o. Mo mọ̀ pé kò bófin mu, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó ń ṣe ara lóore.

Àgbọ̀n mi ló gbé mi dé ibí. Tí nǹkan náà bá ti wọra, àgbọ̀n mi á di ti ẹlòmíì. Ìpahínkeke inú Bíbélì gan-an ni, ẹkún nìkan ló kù. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní magnesium, èròjà inú oúnjẹ tí wọ́n tún ń tà ní hóró, ni kí n máa lò. Ó ní gbogbo àwọn tó gbọ́n ló ń gbé e mì kí wọ́n tó jáde nílé: ó ń dẹ iṣan àgbọ̀n, ó ń dáàbò bo ọpọlọ, kì í jẹ́ kí ọkàn sáré jù. Mo lọ ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ìke rẹ̀ ló wà níwájú mi yìí, wọ́n kọ "magnesium oxide 500 mg" sí i. Ti ọ̀rẹ́ mi, "magnesium glycinate 1000 mg" ni, owó rẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́rin tèmi.

Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé tèmi mì, hóró méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àgbọ̀n kò gbọ́. Ìdí ló gbọ́. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé èèyàn márùn-ún là ń gbé ilé wa, ilé ìgbẹ́ kan ló sì wà níbẹ̀.

Ṣingọ́ọ̀mù mẹ́fà ni mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jẹ nínú. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, mi ò lè ya ẹnu kí búrẹ́dì wọlé. Ní Wẹ́sídè, mo ń jẹ ẹ̀pà níbi iṣẹ́, mo gbọ́ "kẹ̀". Mo rò pé òkúta ni. Mo tu ú sí àtẹ́lẹwọ́: igun eyín èrìgì mi ni, funfun báláú, kò ju orí ìṣáná lọ.

Tó bá wúlò láti mọ̀, ọmọ ọdún 31 ni mí, mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò sì lóyún. Omeprazole tí mò ń lò fún inú tó máa ń ta mí láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nìkan ni oògùn mi. Pajápajá a máa mú mi lóru, ṣùgbọ́n ìdúró ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ mi, mo gbà pé òun ló fà á.

Ìbéèrè mi ò ju èyí lọ: ṣé magnesium yìí ń ṣiṣẹ́? Tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣé ti ọ̀rẹ́ mi ni kí n lọ rà?

Bàbá_Dallas

Ọmọ mi, o ní o ò gba ìwàásù, bẹ́ẹ̀ ìwàásù nìkan ni mo ní lọ́wọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn. O fi iná sórí òrùlé, o wá ń bi wá ní irú ẹní tó yẹ kó o tẹ́. Jáwọ́ ńbẹ̀, eyín á sinmi.

Sisí_Ìtókò

Ẹ ṣé bàbá, mo ti gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù náà dá sí i.

Apòògùn_Leeds

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ eyín o. Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí iná ti wà lórí òrùlé rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé omi fún un.

Apòògùn ni mí, ọdún 14 rèé ní ìlú yìí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rin ni mo ti yọ̀ǹda ara mi nínú àgọ́ ìtọ́jú níbi àwọn àríyá orin ìta gbangba. Àgbọ̀n tí mo ti rí níbẹ̀, tìrẹ ò tíì débì kankan.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ìke bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà níwájú ìke lè má jẹ́ ìwọ̀n magnesium rárá. Ó lè jẹ́ magnesium pẹ̀lú ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Nínú 500 mg oxide, nǹkan bí 300 mg ni magnesium fúnra rẹ̀. Nínú 1000 mg glycinate, kò ju nǹkan bí 140 mg lọ. Tó bá jẹ́ ti ìṣirò nìkan, tìrẹ ló ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n oxide kì í yọ́ bọ̀rọ̀, díẹ̀ ló ń ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kù á jókòó sínú ìfun, á máa fa omi mọ́ra, ọ̀rọ̀ á wá di ti ilé ìgbẹ́. Ìbátan rẹ̀ ni milk of magnesia tí àwọn màmá wa ń fi ṣíbí rọ sí wa lẹ́nu nígbà tí inú bá kì. Citrate àti glycinate sàn jù ú lọ, glycinate ló sì rọ ìfun lọ́rùn jù. Yí ìke padà, ẹ̀yìn ni kó o kà. Hóró méjì tó o gbé mì yẹn, 600 mg ni. NHS, ètò ìlera ìjọba ibí, ní obìnrin nílò 270 mg lójúmọ́, ọkùnrin 300 mg, oúnjẹ sì lè kájú ẹ̀: ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ti oníhóró, kéèyàn má kọjá 400 mg lójúmọ́.

Ó wá kan àgbọ̀n. MDMA ń tú serotonin àti noradrenaline, àwọn èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ, sílẹ̀ yàùyàù, láti ọpọlọ ni àṣẹ sì ti ń wá pé kí iṣan àgbọ̀n fún mọ́ra. Kì í ṣe pé ebi magnesium ń pa iṣan yẹn. Àṣẹ ló ń jẹ́. Ìdí rèé tí kò fi gbọ́ tìrẹ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń búra pé tàwọn rọ̀, mi ò ní pè wọ́n ní òpùrọ́, torí ẹni tí magnesium ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè rí ìrọ̀rùn. Ẹ̀rí tí wọ́n ní ò sì ju ẹnu ara wọn lọ.

Ti ọpọlọ, mo mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ti mú un. Òótọ́ ni pé magnesium a máa dí ẹnu ọ̀nà kan lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, NMDA ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ láti ibẹ̀ dé ibi pé hóró tó o gbé mì láago mẹ́sàn-án alẹ́ á gba ọpọlọ rẹ là láago méjì òru, ọ̀nà náà jìn ju Manchester sí Ìtókò lọ.

Ti ọkàn náà lórísun. Tí ìlù ọkàn bá dàrú ní irú ọ̀nà kan, ọsibítù a máa lo magnesium, ṣùgbọ́n inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á sí, ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Agbẹ̀bí ni ìyá mi n'Ìbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì. Magnesium yìí náà ni wọ́n ń gún fún aboyún tí gìrì ń mú. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002, tí obìnrin tó lé ní 10,000 kópa nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 33, tí Nàìjíríà sì wà níbẹ̀, fi hàn pé ó ń dín gìrì náà kù sí bí ìdajì. Ṣùgbọ́n kí ìyá mi tó gún èyí tó tẹ̀ lé e, á kọ́kọ́ ní, "Màmá, ẹ bá mi na ẹsẹ̀ yín sílẹ̀." Á fi òòlù kékeré kan lu abẹ́ orúnkún. Á ka èémí. Á wo bí ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó nínú àpò. Tí ẹsẹ̀ ò bá ta, abẹ́rẹ́ ò wọlé, torí magnesium tó bá pọ̀ jù lára a máa dá èémí dúró. Kíndìnrín ló ń kó àṣẹ́kù rẹ̀ dànù, nítorí náà ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe ségesège kò gbọ́dọ̀ dá magnesium rà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo doxycycline tàbí ciprofloxacin (oògùn apakòkòrò), tàbí levothyroxine (oògùn thyroid) náà, kó fi wákàtí mélòó kan sáàárín, torí magnesium á dì mọ́ wọn, wọn ò ní lè wọ ẹ̀jẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ. Oxide àti hydroxide (milk of magnesia nìyẹn) ń pa omi kíkan inú. Ẹni tó bá lo amphetamine, ìyẹn speed, tí inú àti ìtọ̀ rẹ̀ ò sì kan mọ́, kíndìnrín rẹ̀ ò ní tètè tu nǹkan náà dànù. Ó lè rò pé òun ń rọ alẹ́ náà lójú, kó sì jẹ́ pé ńṣe ló ń fà á gùn.

Ohun tó ń pa èèyàn nídìí MDMA kì í ṣe àgbọ̀n. Ooru ni, omi ni, àti àpòpọ̀ oògùn. Ọdún kejì mi ní àgọ́, wọ́n fa ọmọkùnrin kan wọlé lápá méjèèjì. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, àfi bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì òjò ló fi jó láti ìrọ̀lẹ́. Ó ń pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀. Nígbà tá a bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn, páálí magnesium já bọ́ nínú àpò rẹ̀, hóró mẹ́rin ti kúrò níbẹ̀. A da omi tútù sí i lára, a fi áìsì há a lábíyá, a pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Ó yè é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé èèyàn mọ́, tó fà á jáde kúrò níbi ijó, òun ló gbà á là, kì í ṣe páálí.

Ti omi, àṣejù ń pa èèyàn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìmu. MDMA a máa sọ fún ara pé kó má tọ̀. Leah Betts, ọmọ ọdún 18 ní Essex, lọ́dún 1995, hóró kan ló lò. Omi tó tó lítà méje tó mu láàárín wákàtí kan ààbọ̀ ló mú kí ọpọlọ rẹ̀ wú. Tó o bá ń jó, máa fi ẹnu sà á, kí ó má ju bí ìdajì lítà lọ ní wákàtí kan, kó o sì máa jáde síbi atẹ́gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, tó ń ṣe ségesège, tàbí tí iṣan rẹ̀ ń le gbagidi, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, ni kẹ́ ẹ pè, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó lò fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọlọ́pàá á wá, ambulance ló ń wá.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan, lẹ́ẹ̀mejì ni kó o kà á. Omeprazole láti ọdún mẹ́ta, pajápajá lóru. Àbúrò, bóyá iṣẹ́ ìdúró kọ́ o. Omeprazole tí èèyàn bá lò pẹ́ lè fa magnesium inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Láti 2011 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ rẹ̀. Tí magnesium bá lọ sílẹ̀, ó lè fa potassium dání, ìlù ọkàn á sì lè máa ṣì. Kéèyàn wá gbé MDMA lé ọkàn bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ń já mi láyà nínú gbogbo ohun tó o kọ, kì í ṣe eyín. Má dá omeprazole dúró fúnra rẹ, ọgbẹ́ lè wà ńbẹ̀. Lọ bá GP rẹ, dókítà àdúgbò rẹ, ní kí wọ́n wo magnesium àti potassium nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. 0.7 sí 1.0 mmol/L ni wọ́n ń retí. Títí tí èsì á fi dé, jọ̀ọ́, jókòó sílé.

Ọmọ_Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n apòògùn dárúkọ àpòpọ̀, wọ́n wá gba ibẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ṣómólú, 2019. Ibi ìtẹ̀wé ni mo ti ń gbé bébà, ẹ̀yìn ń dùn mí, tràmà, ìyẹn tramadol apàrora, ni mo fi ń gbéra lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó kà á sí oògùn olóró nígbà yẹn ládùúgbò wa, bíi Panadol ló rí lójú wa. Lọ́jọ́ bọ́ọ̀dé ọ̀rẹ́ mi, wọ́n gbé molly wá, MDMA yìí náà ni, mo lò ó. Magnesium wà lára mi lọ́jọ́ náà o, Àǹtí Ìtókò, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti London, kápúsù olómi ewé, mo ti mu méjì lárọ̀ọ́.

Ohun tí mo rántí gbẹ̀yìn ni pé mò ń wá bàtà mi. Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé mi lẹ́sẹ̀, ẹnu mi kún fún ẹ̀jẹ̀. Gìrì ti mú mi. Wọ́n ti ki ṣíbí ìsebẹ̀ bọ̀ mí lẹ́nu kí n má baà gé ahọ́n jẹ. Ahọ́n ṣì wà, eyín iwájú kan ló bá ṣíbí lọ. Títí dòní, tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ló ń kọ́kọ́ dé ẹnu.

Apòògùn_Leeds

Ọmọ Ṣómólú, o ṣeun tó o sọ ọ́. Tràmà nìkan lè fa gìrì. Ó tún ń gbé serotonin sókè, MDMA ń gbé e sókè, àwọn méjèèjì á wá pàdé sórí èèyàn kan. Bákan náà ni pẹ̀lú sertraline, fluoxetine àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Magnesium kò lè là wọ́n níjà.

Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má ki nǹkan kan bọ ẹnu ẹni tí gìrì ń mú, ì báà jẹ́ ṣíbí, ìka tàbí igi. Ẹ má dì í mú. Ẹ gbé ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ sí i lábẹ́ orí, ẹ wo aago. Tó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó bá jẹ́ pé oògùn ló fà á, ẹ pe pàjáwìrì kíá.

Bàbá_Dallas

Ṣíbí ni wọ́n fi gba ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà là lábúlé, tàbí kí n sọ pé a gbà bẹ́ẹ̀. Eyín méjì ni kò ní. A ò ronú kàn án rí pé ṣíbí ló yọ ọ́.

Sisí_Ìtókò

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé. Èsì ti dé.

0.61 ni.

Èmi àti dókítà jọ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Potassium náà wà létí. Ó bi mí bóyá mò ń lo nǹkan mìíì, mo wo ilẹ̀, mo sọ ọ́. Mo ti múra pé á yí padà sí mi, ńṣe ló kàn tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó wá ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà láti ka ìlù ọkàn. Ìyẹn dáa, ọpẹ́. Ó yí omeprazole mi padà sí famotidine, ó sì fún mi ní magnesium aspartate, ìyẹ̀fun ni, omi ni mo fi ń pò ó. Ó ní kí n padà wá fún ẹ̀jẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹwàá ni mo jí láàárọ̀ tí mo rántí pé pajápajá ò mú mi lóru. Mo tún sùn padà kí n lè gbádùn rẹ̀.

Ìke oxide ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tí inú rẹ̀ bá kì nínú ilé wa ló ń bù níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń bínú díẹ̀ pé mo sọ glycinate òun di ohun yẹ̀yẹ́. Mo ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ òun náà wò, ó ní abẹ́rẹ́ ń bà á lẹ́rù. Ẹni tó ń gbé ohun tí kò mọ ẹni tó pò ó mì!

Bàbá Dallas, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jáde lọ jó níparí oṣù yìí. Mo ti sọ fún wọn pé èmi ni máa mú omi dání, èmi ni máa wakọ̀ padà. Ti ọjọ́ mìíì, mi ò tíì búra o, ẹ má fi ìyẹn jẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n apòògùn, ẹ ṣé gan-an, ẹ bá mi kí màmá yín n'Ìbàdàn. Eyín ló wá kù báyìí. Igun rẹ̀ mú, ó ń ha ahọ́n mi, ibi márùn-ún ni mo sì ti pè tí wọ́n ní àwọn ò gba aláìsàn NHS tuntun. Ta ló mọ dókítà eyín tó ṣì ń gbà ní apá Cheetham Hill tàbí Salford?